Olè Orí Fíìmù àti Olè Ojú Títì

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ láyé ọjọ́un, tí òun náà ti di olùkọ́ ní Ṣàgámù báyìí, fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ọmọkùnrin òun ti pé ọdún 16, kò sì sí ohun tó ń wò mọ́ ju fíìmù òyìnbó tí wọ́n ti ń fọ́ báńkì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ orúkọ fíìmù tiwa márùn-ún tó jẹ mọ́ olè jíjà, èyí tí ọmọ tó ti ń di géńdé lè wò kó má sì bàjẹ́." Mo rò pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Nígbà tí mo mú bírò, mo rí i pé n kò lè dárúkọ ọ̀kan ṣoṣo láì kọ́kọ́ sọ ibi tó ti wá. Ìdí nìyẹn tí èsì fi gùn tó báyìí. Kó má bínú sí mi. Ó mọ̀ mí tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ kan. Orúkọ tí Yorùbá ní fún olè pọ̀. Jàgùdà wà, gbéwiri wà, ọlọ́ṣà wà, oníjìbìtì wà, gbájúẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n adigunjalè yàtọ̀. Ogun wà nínú orúkọ yẹn gan-an: ẹni tó dira bí ẹni ń lọ sójú ogun kó tó lọ jalè. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní January 1970, ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí ọmọdé ń gbọ́ lójoojúmọ́. Ìbọn ti pọ̀ nígboro, àwọn tó mọ̀ ọ́n yìn pọ̀, iṣẹ́ kò sì tó.

Lọ́dún yẹn náà ni ìjọba ológun Gowon gbé òfin jáde pé ẹni tó bá fi ohun ìjà jalè, ikú ni. Láti 1971 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa àwọn adigunjalè ní gbangba ní Bar Beach, létí òkun Èkó. Wọ́n á so wọ́n mọ́ òpó, àwọn sójà á tò síwájú wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, tọmọdé tàgbà, á sì pé jọ láti wò ó. Ní September 8, 1971, ó kan Ishola Oyènúsì, tó ń pe ara rẹ̀ ní Dókítà láìjẹ́ pé ó ṣe dókítà níbì kankan. Wọ́n dá òun àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ lẹ́bi olè tí wọ́n jà ní ilé iṣẹ́ kan n'Íkẹjà, níbi tí wọ́n ti pa ọlọ́pàá kan. Àwọn oníwèé ìròyìn kọ ọ́ pé ẹ̀rín ló ń rín bí wọ́n ti ń mú un lọ síbi ikú.

Ẹ fi ẹ̀rín yẹn sọ́kàn. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé kámẹ́rà ka orí ìtàn Oyènúsì ni gbogbo ìlú ti wò ó bí ẹni ń wo sinimá, láìsan kọ́bọ̀. Wọ́n ti mọ òpin rẹ̀ kí wọ́n tó mọ ìbẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ibẹ̀ ni fíìmù adigunjalè tiwa ti gba àbùdá kan tí kò tíì bọ́ lára rẹ̀ títí di òní: ikú olè náà ti wà nílẹ̀, ohun tó kù ni kí wọ́n sọ fún wa bó ṣe dé ibẹ̀.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní 1977, Eddie Ugbomah ṣe fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, *The Rise and Fall of Dr. Oyenusi*. Àwọn òṣèré ń bẹ̀rù láti ṣe Oyènúsì, nítorí wọ́n rò pé àwọn ọlọ́ṣà tó kù nígboro lè wá bá wọn nílé. Ugbomah fúnra rẹ̀ ló wá ṣe é. Ẹ ẹ̀ rí nǹkan? Ẹni tí wọ́n ti yìnbọn fún láti ọdún mẹ́fà, òjìji rẹ̀ ṣì ń lé òṣèré sá kúrò lórí iṣẹ́. Ẹ wo orúkọ fíìmù náà pẹ̀lú: ìgbéga àti ìṣubú. Ó ti sọ gbogbo rẹ̀ tán láti ara pátákó ìpolówó.

Bí òyìnbó bá ń ṣe irú eléyìí, ọ̀nà tí wọ́n gbà jí i ló máa ń ká wọn lára. *Rififi* tí Jules Dassin ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní 1955 ló là á sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wọn. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni àwọn olè fi ń dá àjà lu kí wọ́n lè wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, orin kankan kò dún, àyà ẹni tó ń wò ó á sì máa já pé kí ọwọ́ má tẹ̀ wọ́n. Olè la wá ń gbàdúrà fún! *Ocean's Eleven* ti 1960 àti èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2001, ojú ọ̀nà kan náà ni. Mo fẹ́ràn *Rififi* o, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n fíìmù tiwa kì í sábà bìkítà nípa kọ́kọ́rọ́ àti àjà lílu. Ohun tó máa ń bi wá ni pé: ọmọ ta ni olè yìí? Kí ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀? Ta ló ń gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìkan tó sún mọ́ ti òyìnbó jù lọ́wọ́ wa, Ugbomah yìí náà ló ṣe é, ní 1979: *The Mask*. Ẹ rántí FESTAC ti 1977. Ère ojú Ìyọba Idia, tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́ ní Benin ní nǹkan bí ọ̀rúndún 16, ni wọ́n fi ṣe àmì àjọ̀dún náà. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló kó o lọ nígbà tí wọ́n jó Benin ní 1897, British Museum ní Lọ́ńdọ̀n ló sì wà. Nàìjíríà ní kí wọ́n yá wa lò fún àjọ̀dún náà, wọ́n kọ̀. Ohun tí Ugbomah ṣe ni pé ó rán ọmọ Nàìjíríà kan lọ sí Lọ́ńdọ̀n lórí fíìmù, kó lọ jí i padà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní olè tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dáhùn ìbéèrè yẹn: inú àpótí dígí ni yóò ti fọn ọ́n, níṣojú gbogbo ayé. Fíìmù yẹn kò lówó lọ́wọ́, ìjà inú rẹ̀ a sì máa pa èèyàn lẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ ká rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, tí mo bá ń kọ́ni lónìí, òun ni mo máa fi ṣáájú, nítorí ó gbé ọ̀ràn sílẹ̀ tí ọmọ ọdún 16 lè jiyàn lé lórí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹni tó lọ gba ohun ìní rẹ̀ padà lóru, olè ni àbí kì í ṣe olè?

Ìbéèrè "ta ni olè gan-an" yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Ugbomah. Ní Òṣóṣà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, tí kò jìnnà sí wa ní Rẹ́mọ, ni wọ́n ti bí Hubert Ògúndé. Ọlọ́pàá ni kó tó di òṣèré. Ní 1945 ó ṣe eré kan tó pè ní *Worse Than Crime*, nípa òwò ẹrú, ohun tó burú ju ọ̀daràn lọ. Ọlọ́pàá tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tó wá gun orí ìtàgé láti sọ pé olè tó tóbi jù kò sí nínú ìwé ọlọ́pàá! Nígbà tí Ọlá Balógun sì gbé *Àjàní Ògùn* jáde ní 1976, pẹ̀lú Adé Love àti Dúró Ládiípọ̀, olóṣèlú tó gba ilẹ̀ mọ́ ọmọ ọdẹ lọ́wọ́ ni olè inú rẹ̀. Kò dá ẹnikẹ́ni lọ́nà, kò yọ ìbọn. Agbádá ló wọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Èkó nìkan lọ̀rọ̀ yìí wà. Ní àwọn ọdún 1920, nígbà tí Rẹ́mọ ṣì wà lábẹ́ ìgbèríko Ìjẹ̀bú, ọ̀gá olè kan wà tí wọ́n ń pè ní Aníkúrá. Ọ̀ràn rẹ̀ dé ààfin, ó sì wà lára ohun tó lé Awùjalẹ̀ Adénúgà kúrò lórí oyè ní 1929. Ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ìtàn yẹn tó fíìmù ṣe, ó tó ṣe ju ọ̀pọ̀ èyí tí mo ń rí lọ. Ẹ̀yin ọmọ mi tó wà nídìí iṣẹ́ fíìmù, mo ti sọ ọ́ ní kíláàsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo tún sọ ọ́ níbí.

Ó wá ku olè kan tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí, kò sì ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù. Fíìmù ni wọ́n jí.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni Pírẹ́míà nígbà tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní October 31, 1959. Lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn ni Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ti di ẹni tí gbogbo ilé mọ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ní 1982, ó kó ohun tó ní jọ, ó tún yá owó kún un, ó ṣe *Ọ̀run Mooru*. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀, Túndé Kèlání ló di kámẹ́rà mú. Ẹni tí oníjìbìtì lù ní jìbìtì títí tó fi fẹ́ para rẹ̀ ni Bàbá Sàlá ṣe nínú rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó ṣe fíìmù á gbé e kiri láti ìlú dé ìlú, láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, owó ẹnu ọ̀nà ló sì ń dúró dè. Kí Bàbá Sàlá tó rìn jìnnà, àwọn kan ti da *Ọ̀run Mooru* kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á káàkiri. Ta ni yóò tún sanwó wọ gbọ̀ngàn láti wo ohun tó wà nílé aládùúgbò? Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀ gan-an.

Wọn kò yọ ìbọn sí i. Àwọn tó ra kásẹ́ẹ̀tì náà, èèyàn dáadáa ni wọ́n, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, oníṣòwò. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ wọn, wọ́n ń fi Bàbá Sàlá rẹ́rìn-ín, wọn kò mọ̀ pé àwọn ń gba epo lájà. Mo sọ èyí pẹ̀lú ìtìjú díẹ̀, nítorí n kò lè búra pé kò sí irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ nílé tèmi rí. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù olè tí mo ti wò, a kì í mọ orúkọ ẹni tí wọ́n jà lólè. Èyí nìkan ni gbogbo wa mọ ojú rẹ̀, tí a tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1986, ẹ̀rù Lawrence Anini gba ìlú Benin kan. Àwọn tó bá ń ti Rẹ́mọ gba Òrè lọ sí Benin nígbà yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń ka wákàtí kí ilẹ̀ má baà ṣú bá wọn lọ́nà. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ tán, tí wọ́n sì pa á ní March 1987, ohun tó ya ìlú lẹ́nu jù ni pé ọ̀gá ọlọ́pàá kan wà lára àwọn tí wọ́n jọ dá lẹ́bi. Látìgbà náà, ó ṣòro kí fíìmù wa kan gbé ọlọ́pàá jáde kí èrò má kọ́kọ́ fura sí i.

Inú ìfura yẹn ni *Owo Blow* ti Tádé Ògìdán bá wa ní àárín àwọn ọdún 1990. Wọlé Owólabí ni ọmọ tí wọ́n mú bàbá rẹ̀ lọ nítorí pé ó ń gbẹnu sọ fún mẹ̀kúnnù. Ó di dandan kí ọmọ náà bọ́ ìyá àti àwọn àbúrò rẹ̀. Fẹ́mi Adébáyọ̀ ló ṣe é ní kékeré, Táíwò Hassan ló ṣe é lágbà, nígbà tó ti di olè tó ń gba tọwọ́ olówó fún tálákà. Èyí ni mo fi ń sọ pé fíìmù tiwa ń béèrè ọmọ ta ni. Kí ìbọn tó dún, a ti jókòó nínú ilé olè náà, a ti mọ ohun tí wọn kò rí jẹ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé a máa ń fẹ́ràn Owólabí jù. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wò ó, èmi náà ń pàtẹ́wọ́. Ó di ọjọ́ kejì kí n tó bi ara mi pé àwọn tó já owó gbà lọ́wọ́ wọn ńkọ́, ṣé àwọn kò ní ọmọ nílé ni?

Àwọn ti ìsinsìnyí, ojú wọn mọ́, owó wà nídìí wọn. *King of Boys* tí Kẹ́mi Adétiba gbé jáde ní October 2018 ló dára jù lójú mi. Ẹni tó ń gba epo lájà ni ìtàn náà dá lé: Ẹniọlá Sàlámì, tí Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ṣe, ìyá ọlọ́lá tó ń ná owó fún aráàlú lọ́sàn-án, tí ọ̀gá jàǹdùkú ń jábọ̀ fún lóru, tí àwọn olóṣèlú sì mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. *Sugar Rush*, ti Kérésìmesì 2019, fi ẹ̀fẹ̀ ṣe tirẹ̀: àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta ṣàdédé rí 800,000 dọ́là owó olówó nínú ilé ẹni tó ti kó o jẹ. *Brotherhood* ti 2022 mú ohun tó jẹ́ tiwa gan-an, ìbejì. Àwọn olè pa òbí wọn. Ọ̀kan di ọlọ́pàá, ìkejì di adigunjalè. Yorùbá nìkan ló lè mọ bí ìyẹn ti wúwo tó, àwa tí a ń gbẹ́ ère fún èyí tó bá kú nínú ìbejì. Fíìmù náà kò lo àǹfààní yẹn tó. Ó sáré lọ síbi ìbọn.

*Agẹṣinkólé* náà jáde ní April 2022, Fẹ́mi Adébáyọ̀ kan náà tó ṣe ọmọdékùnrin Owólabí ló tún gun ẹṣin olè níbẹ̀. Ó kó ju 300 mílíọ̀nù náírà wọlé ní sinimá, Yorùbá sì ni wọ́n fi sọ ọ́ jálẹ̀. Ẹ ò rí i pé a kò kúrò lójú kan: láti 1996 sí 2022, olè náà ṣì ń sọ fún wa pé wọ́n ṣẹ òun ni.

*Gangs of Lagos* ti April 2023 ni n kò tíì fi ọkàn kan gbà. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára. Ṣùgbọ́n wọ́n fi aṣọ Ẹ̀yọ̀ bo apààyàn, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó sì fárígá, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pàápàá sọ̀rọ̀ sí i. Àwọn kan ní fíìmù lásán ni. Lọ́dún yẹn kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn ń dọdẹ ara wọn kiri ní Ṣàgámù, tí àwọn ìyá ń pe ọmọ wọn wọlé kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tó wà ní Ṣàgámù lọ́sẹ̀ wọ̀nyẹn kò lè fi ara balẹ̀ wo ọmọ tó ń fi àdá lé ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kó sì máa pè é ní eré.

Ìyá tó kọ̀wé sí mi yóò fẹ́ mọ̀ bóyá fíìmù ló ń ba ọmọ jẹ́. Àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù, NFVCB, tí òfin 1993 dá sílẹ̀, máa ń kọ 15 tàbí 18 sára fíìmù. Ẹ máa wò ó, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ní May 2024, wọ́n tún kéde òfin láti dá àwọn tó ń gbé ògùn owó àti sìgá lárugẹ nínú fíìmù lẹ́kun. Mo fara mọ́ ọn dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n ní January 2022, nígbà tí ọwọ́ tẹ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan l'Ábẹ́òkúta tí wọ́n pa ọmọbìnrin nítorí ògùn owó, ọ̀kan nínú wọn sọ pé orí Facebook ni òun ti kọ́ ọ. Kò dárúkọ fíìmù kankan. Fóònù tó wà lọ́wọ́ ọmọ, NFVCB kò lè kọ 18 sára rẹ̀.

Ó dáa, màmá, ẹ gba orúkọ márùn-ún yín. *Sugar Rush* ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kó lè rẹ́rìn-ín. *Owo Blow* ló tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ jọ jókòó wò ó. *The Mask* ni ìkẹta, bẹ́ ẹ bá lè rí i. Fíìmù Ugbomah kò wọ́pọ̀ mọ́, ẹ béèrè ní yunifásítì. *Ọ̀run Mooru* ni ìkẹrin, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ṣe é fún ọmọ náà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. *King of Boys*, ẹ jẹ́ kó pé ọdún 18. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ rírùn náà kò kéré. Ẹ sanwó fún gbogbo èyí tẹ́ ẹ bá rí owó rẹ̀ san.

Tó bá ti wo *Owo Blow* tán, ẹ rán an sí mi lọ́jọ́ Sátidé kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún un: kó dárúkọ ẹnì kan péré nínú àwọn tí Owólabí jà lólè.